Nípa Òkòtó, Ẹ̀rọ Tí O Ní Kí A Fi Ránṣẹ́

Lásùnwọ̀n, Ìkòròdú,
Ọjọ́ Sátidé.

Táófíìkì Àkànní, ọmọ mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ nìyí: bàbá rẹ lórí àpótí ìjókòó, ó wọ awò ojú méjèèjì lé ara wọn, sípánà ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bóòtù mẹ́rin nínú àwo tánganran tí mo fi ń bu ẹ̀kọ, okùn awọ tó ń yí Òkòtó, ó ti ká a, ó ti fi òwú dì í, àpótí ọṣẹ àtijọ́ kan tí èèpo àgbọn gbígbẹ ti kún dé ìdajì, ojú irin wa lórí tábìlì gígùn, ọkọ̀ èrò kan dúró lórí rẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì níwájú rẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì, níbi tí ẹsẹ̀ Òkòtó ti dúró láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ojú mẹ́rin tó funfun ju ilẹ̀ yòókù lọ.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá," ni mo wí. "Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń di ẹrù ọmọ rẹ," ó ní. "Ọkọ̀ ojú omi Mọ́ńdè ló ní kí a fi í sí. Wá bá mi di ibí yìí mú."

N kò dì í mú. Mo ní mo gbé omi kaná. Mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé, mo tún lẹ́tà rẹ kà, mo sì wá bébà.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu láti rí ìwé tó nípọn tó báyìí lọ́dọ̀ mi. Nínú ilé yìí, ìwọ àti bàbá rẹ lẹ máa ń sọ̀rọ̀. Èmi a máa wò. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́bọ̀, bàbá rẹ sì ti fi ẹnu ẹni tó mú un wá fún ọ lésì kí n tó ráyè ronú. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ tèmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sì kọ ọ́ tán.

A kí ọ kú oríire, Àkànní. Tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gidi, ní Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú yàrá tìrẹ nítòsí ọjà Olúwo! Gbogbo ẹni tó bá yà kí wa ni bàbá rẹ ń ka gbólóhùn yẹn sí létí. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá òórùn ẹja yíyan yóò jẹ́ kí aṣọ rẹ ṣeé wọ̀ lọ síwájú kíláàsì. Èmi ò bèèrè ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ìlérí tí o ṣe fún hẹdimásítà yín, pé kí sáà yìí tó parí, ìwọ yóò to ọkọ̀ ojú irin kékeré kan fún ilé ẹ̀kọ́ náà, tòun ti ojú irin rẹ̀ àti ibùdókọ̀ rẹ̀, kí ohun gbogbo wà ní ìwọ̀n, kí àwọn ọmọ tí wọn ò rí rélùwéè rí lè mọ bó ṣe rí. Ìlérí tó dára ni. O sì kọ̀wé pé kó lè ṣeé ṣe, kí a fi Òkòtó ránṣẹ́, kí o lè fi fá àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà.

Mo ń bọ̀ lórí Òkòtó. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, torí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o ṣì kéré, ibi tó dùn nínú rẹ̀ nìkan lo rí.

Èkínní: fi ọwọ́ ara rẹ wọn ohun tí o fẹ́ ṣe.

Nígbà tí bàbá rẹ mú mi wọlé, ìyá tó bí ọ ti lọ, o ti tó ọmọ ọdún méjìlá. O wò mí, o rí i pé n kò fi bẹ́ẹ̀ jù ọ́ lọ, o wá ń pè mí ní Ìyá Kékeré. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá rẹ fi iṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀ nítorí ojú rẹ̀, tó padà sílé sí Ìkòròdú níbí, níbi tí ọkọ̀ ojú irin kì í dé. Ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan láìṣe nǹkan kan. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní òun fẹ́ ṣe ọkọ̀ náà ní kékeré kí òun lè máa rí i nítòsí.

Ìwé àwòrán kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí òyìnbó kan fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tí mo gbà pé ohun tí a bá ti tẹ̀ sínú ìwé ti tọ́, mo mú fífẹ̀ ojú irin láti inú ìwé náà. Ti ara ọkọ̀, bàbá rẹ ló sọ ọ́ fún mi: gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, gíga fèrèsé rẹ̀, torí káfíńtà ọkọ̀ èrò ni, ara ọkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn ló ń tọ́jú ẹsẹ̀ tó ń yí lórí irin. A ní kí ìdá mẹ́rin íǹṣì dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo gé agolo mílíìkì, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi òjé jó o pọ̀. Ọ̀já irin tí wọ́n fi ń di ẹrù aṣọ ni mo fi ṣe ojú irin, mo nà án ró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ náà lé e, bàbá rẹ wò ó, ó tún wò ó, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ràbí," ó ní, "kí ló ṣe ọkọ̀ mi tó ń ya ẹsẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dákọ́ fún?"

Ojú irin ìlú òyìnbó ló wà nínú ìwé náà. Tiwọn fẹ̀ ju tiwa lọ, àwa méjèèjì ò sì mọ̀. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdó lọ sí Èkó, a dé Ìdó, ní ibùdókọ̀ ojú irin. Mo mú téèpù ìránṣọ mi dání. Bàbá rẹ dúró lókè kó máa ṣọ́ mi, èmi sọ̀ kalẹ̀ sáàárín irin níbi tí kò sí ọkọ̀. Ọkùnrin kan tó wọ káàkí yọ lójijì:

"Màmá! Kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀? Ṣé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí yín ló já ni?"

"Má dá a lóhùn, Ràbí," ni bàbá rẹ wí. "Ka nọ́ńbà fún mi."

Mo kà á. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀.

"Ẹ wá o!" ọkùnrin náà ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá wo ìyàwó tó fẹ́ rán búbá fún rélùwéè!"

Ní ìwọ̀n tiwa, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ jẹ́ íǹṣì kan ó dín ìdá mẹ́jọ. Mo padà sílé, mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún un tò. Láti ìgbà náà ọkọ̀ wa ò ya ẹsẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá fún ọ ní ìwé aláwòrán tó dáa ní Ẹ̀pẹ́, kà á, dúpẹ́, kí o sì mú téèpù.

Èkejì: ṣe ohun èlò ná, kí o tó ṣe ohun tí o fẹ́ fi ṣe.

Àwọn ìdábùú tí ojú irin sùn lé, irin ni ti ìlú wa, torí ikán. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, sísọ́ọ̀sì ni mo fi gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ojú wò wọ́n, mo fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Kò sí méjì tó jọra. Ojú irin rí gbágungbàgun lórí wọn, ọkọ̀ sì ń ṣubú níbi kan náà lójoojúmọ́. Mo bínú, mo ní n kò ṣe mọ́. Bàbá rẹ kò bẹ̀ mí. Ó mú ègé igi ìrókò méjì, ó gbẹ́ ìrísí ìdábùú kan sínú ọ̀kan, ó gbẹ́ èkejì kó lè wọ inú rẹ̀ wẹ́kú, ó wá gbé wọn sábẹ́ jáàkì lọ́rì kan tó ti bàjẹ́. O fi páànù sáàárín, o yí jáàkì, ìdábùú kan bọ́ sílẹ̀, ó ti tẹ̀ bó ṣe yẹ kó tẹ̀. Ìwọ gan-an lo máa ń yí i nígbà náà, o sì máa ń tò wọ́n sílẹ̀ bí ẹja nínú atẹ. Ìgbà tí a fi ṣe jáàkì náà dà bí ìfàsẹ́yìn lójú mi. Nígbà tó parí, iṣẹ́ oṣù kan di ti ìrọ̀lẹ́ kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn orí ìṣó wínníwínní tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Tí o bá fi ojú to wọ́n, kò ní gún. Wá bóòtù gígùn kan tí eyín rẹ̀ ṣì mú, dè é mọ́ pátákó tí páànù wà lórí rẹ̀, kí pátákó náà lè máa sún bí o bá ń yí bóòtù. Yí i lẹ́ẹ̀kan, páànù á sún díẹ̀. Jẹ́ kí abẹ́rẹ́ giramafóònù já lé e lórí, á fi àmì róbótó kan sílẹ̀ ní òdì kejì. Tún un yí. Gbogbo àlàfo rẹ̀ á dọ́gba, torí eyín bóòtù dọ́gba. Tí o bá sì fẹ́ lu ihò tó kéré gan-an, má wá ohun tí wọ́n ń tà kiri. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti kán ni kí o lọ bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn télọ̀. Pọ́n ẹnu rẹ̀ pẹrẹsẹ lára òkúta, fi í sẹ́nu ìlu, fi sùúrù yí i. Mo ti fi irú rẹ̀ lu ihò tí irun orí nìkan lè gbà kọjá.

Ẹ̀kẹta kéré, ṣùgbọ́n odidi ọkọ̀ kan ló gbà lọ́wọ́ mi. Ásíìdì tí à ń fi pa ojú páànù kí òjé lè mú un, fọ̀ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, omi gbígbóná àti ọṣẹ. Ọkọ̀ èrò kejì tí mo ṣe, ọjọ́ tí ọdún Iléyá ku ọ̀la ni mo parí rẹ̀, mo fi sílẹ̀ lọ sídìí ìkòkò. Nígbà tí a fi jẹ ẹran ọdún tán, ìpẹtà ti jẹ gbogbo abẹ́ fèrèsé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ kò ní dúró dè ọ́ pàápàá. Má sì fi epo pupa sí ibi tó ń yí. Mo fi sí i rí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, epo dì, eruku wọ inú rẹ̀, ó le gbagidi. Òróró àgbọn sàn díẹ̀. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ló dára jù.

N kò ní ka nọ́ńbà mọ́, torí ohun tó kù kì í ṣe ti irin.

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ yóò ba nǹkan jẹ́. Má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ máa ń gbà á lọ́wọ́ mi: "Mú wá, mú wá, jẹ́ kí n fi hàn ọ́." Ó ń fi hàn mí, ọwọ́ mi ṣófo, mo dúró bí ẹni tó wá kí wọn. Ọjọ́ kan mo di ayùn irin mú pinpin, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó bàjẹ́ lóòótọ́. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ṣẹ́. Nítorí náà tí ọmọ kan bá ń gé páànù ní wíwọ́, fi ọwọ́ rẹ sẹ́yìn, fi ọ̀kan di èkejì mú tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ kún fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Lọ kí wọn kí o tó nílò nǹkan lọ́wọ́ wọn. Dọ̀bálẹ̀ fún àgbà inú wọn, má dúró gbọnrangandan torí pé o jẹ́ tíṣà. Ègé igi tó ń bọ́ lẹ́nu ayùn wọn, tí wọ́n ń fi dáná, ni o lè fi kọ́ ibùdókọ̀ rẹ. Wá alágbẹ̀dẹ wúrà kan pẹ̀lú. Irin pẹlẹbẹ oníhò tí wọ́n fi ń fa wúrà di wáyà, wọ́n lè fi fa wáyà bàbà fún ọ, títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ọwọ́ ìdìmú tí èrò fi ń gòkè sínú ọkọ̀. Ní ti ohun tí yóò mú ẹ́ńjìnnì rìn, o ti mọ̀ ọ́n: inú aago tábìlì tó ti dákẹ́. Ohun tó máa ń ṣe aago bẹ́ẹ̀ kì í ju ìdọ̀tí lọ.

Ó wá kan Òkòtó.

Irin bẹ́ẹ̀dì méjì, họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ kan, ọ̀pá kan tó ń yí láàárín rẹ̀, ọ̀bẹ tí a fi ayùn irin tó ti kú ṣe, àti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ nísàlẹ̀ tí a fi ń tẹ̀ ẹ́. O di irin mọ́ orí ọ̀pá, o tẹ̀ ẹ́, irin ń yí, ọ̀bẹ ń fá a. Ìwọ lo sọ ọ́ ní Òkòtó, torí ó ń kùn bí òkòtó tí ẹ máa ń ta ní ojúde. Kò sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan lórí tábìlì yìí tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Mo mọ ìdí tí o fi fẹ́ ẹ. Láìsí i, ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ ò ní róbótó, ọkọ̀ rẹ á máa fò bí ẹni tó ń tiro.

Ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀ fún bàbá rẹ, Àkànní. Kí ló kù fún un nínú ilé yìí? Láràárọ̀ ló ń lọ jókòó tì í. Tí ọkọ̀ ojú omi bá gbé e lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò padà sí ọ̀ọ̀dẹ̀ bí ti ìgbà yẹn, yóò máa wo títì. Òun ti ní kí a dì í fún ọ torí pé kò lè sọ pé rárá fún ọ. Má ṣe jẹ́ kí

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn tí bàbá rẹ jáde wá bá mi lẹ́yìn ilé.

"Omi wo lò ń sè látàárọ̀?" ó ní. "Kí lò ń kọ?"

Mo kà á sí i létí, torí kò lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ́. Ó rẹ́rìn-ín níbi ọkùnrin oníkáàkí. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kọ́ ni ọkùnrin náà sọ, ó ní ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ ló sọ, pé mo dín in kù ni. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní kí o fi Òkòtó sílẹ̀ fún un, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná. Fún ta?"

"Fún ẹ̀yin, Bàbá."

"Ìgbà wo lo rí ọwọ́ mi lára Òkòtó kẹ́yìn?"

Mo fi kálámù sílẹ̀.

"Ràbí, ojú mi ò rí ẹnu ọ̀bẹ yẹn mọ́, ó ti pẹ́. Mò ń lọ jókòó síbẹ̀ torí ìwọ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ta la tú fi ṣe é?"

"Tèmi ni."

"Ta ló rà á fún ọ?"

"Bàbá mi."

"Ó dáa. Má fi mí bojú. Tí o bá fẹ́ kí ọmọ gbé e lọ, kó gbé e lọ. Tí o ò bá fẹ́, sọ fún un pé o ò fẹ́. Torí mo rò pé o fẹ́ ni mo ṣe ń tú u. O dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, o wò mí, o ò sọ nǹkan kan, o ní o gbómi kaná!"

"Ẹ̀yin náà ò bi mí."

"Òótọ́ ni," ó ní. "N ò bi ọ́. Mo wá ń bi ọ́ báyìí."

Mo kọ́kọ́ fẹ́ ya ojú ewé tó ṣáájú èyí dànù. N kò ya á. Jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí o rí bí ènìyàn ṣe lè jókòó, kó mú kálámù, kó máa fi orúkọ ẹlòmíràn bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀, kó má sì mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn.

Àkànní, èmi ni mo ni Òkòtó. N kò fẹ́ kó lọ.

N kò tíì kọ irú gbólóhùn yìí rí láyé mi. Mo wò ó lórí bébà, kò sí nǹkan tó ṣe mí.

Nígbà tí mo jáde girama, bàbá mi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún mi kí n lè máa rí nǹkan ṣe nílé ọkọ. Mo rán aṣọ fún ọdún kan. Aṣọ rírán kò burú. Ìgbà tí bàbá rẹ wá ń wá ohun tí yóò máa yí irin, èmi ni mo wo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi, èmi ni mo sọ pé, "Èyí ń yí." Kò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí a tú u, ìyá mi wá kí wa, ó rí orí ẹ̀rọ nílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. "Ẹ̀rọ tí bàbá ẹ rà! Ẹ fi ń ṣe ohun ìṣeré! Ṣé ọkọ ẹ ò ríṣẹ́ ṣe ni?" Bàbá rẹ sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Èmi ò sunkún. Bí irin ṣe kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọ̀bẹ lọ́jọ́ náà, tó ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó ń dán, tó ṣì gbóná lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ máa ṣe nìyẹn.

Títí di òní, tí mo bá ti ṣe tán nídìí ààrò, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ẹ́ńjìnnì tí kò sí lórí tábìlì, abẹ́ ọwọ́ mi ló wà. Mo tún gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe látilẹ̀ torí àwọn ti àkọ́kọ́ tinrin jù. Idẹ ni. O kò mọ̀ nípa rẹ̀ torí o kò bèèrè, èmi náà ò sì sọ. Ẹ̀bi ìyẹn, àwa méjèèjì la jọ pín in.

Nínú lẹ́tà rẹ o kọ ọ́ pé "Òkòtó Bàbá." N kò bínú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ta ni o rí lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o fi wà nílé yìí? Ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ nìyí, n kò sì mọ̀ ọ́n láàárọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀: kí o tó nawọ́ sí nǹkan nínú ilé, bèèrè ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ tí o bá gbé ìyàwó, bi òun náà léèrè. Tí ó bá dákẹ́ tí ó sì lọ gbómi kaná, má rò pé ó ti gbà. Tọ̀ ọ́ lọ sídìí ààrò, kí o tún bi í. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan ìwọ náà, má dákẹ́ bíi tèmi kí o máa retí pé kí wọ́n mọ̀.

Ohun tí mo lè ṣe fún ọ nìyí. Irin bẹ́ẹ̀dì, o lè rí i ní Ẹ̀pẹ́. Họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́, o lè rí i. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti kú, béèrè lọ́wọ́ àwọn télọ̀, kò sí ìlú tí kò ní. Ohun kan ṣoṣo tí o kò lè rí níbẹ̀ ni ọ̀pá tó ń yí láàárín, torí ẹ̀rọ bíi Òkòtó ló ń ṣe ọ̀pá ẹ̀rọ bíi Òkòtó. Mo máa fá ọ̀kan fún ọ. Bàbá rẹ ti ń de àwọn bóòtù padà bí mo ti ń kọ èyí, ó ń ráhùn pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ìyókù, kí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é, kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ sì wò ọ́ bí o ti ń ṣe é. Èyí á ṣe wọ́n láǹfààní ju kí wọ́n bá ẹ̀rọ tó ti parí nílẹ̀ lọ.

Kò ní parí ní sáà yìí. Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún hẹdimásítà yín kí ó tó bi ọ́. Ojú irin lè parí, ibùdókọ̀ lè parí, ẹ́ńjìnnì kò ní parí. Ojú á tì ọ́ díẹ̀. Lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà ìsinmi, wá sílé kí a jọ fá ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ lórí Òkòtó. Ìwọ á di ọ̀bẹ mú, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ, bi mí. Ó ṣeé ṣe kí n gbà.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé irọ́ ni pé òun ò lè sọ pé rárá fún ọ, pé òun lè sọ ọ́ dáadáa. Kí Ọlọ́run bá ọ fún ìtẹ́lẹ̀ iṣẹ́ tuntun yìí ní agbára, kí ó sì fún ọ ní ojú tí ń rí ẹni tó wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ.

Èmi ni,
Ràbíátù, Ìyá Kékeré rẹ.

Mo ṣí lẹ́tà yìí láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè kí n tó lẹ̀ ẹ́. Mo fá ọ̀pá náà lánàá. Èyí àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí ọ̀bẹ wọlé jù, ó tinrin, kò wúlò. Èkejì wọ inú họ́ọ̀bù láìmì. Mo ti fi òróró pa á, mo fi gèlè àtijọ́ kan wé e, yóò bá lẹ́tà yìí wọ ọkọ̀ ojú omi Mọ́ńdè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń ro mí nítorí títẹ̀ Òkòtó. Aago mẹ́rin ìdájí ku díẹ̀ nígbà tí mo tó dùbúlẹ̀.